Ohun Tí Germaine Kò Sọ Ni Mo Fi Lé E Lọ

Mo ti bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn yìí kí wọ́n má tẹ fọ́tò mi sí i. Wọ́n ní orúkọ ńkọ́, mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Sakeenah ni mí. Bí ẹ bá mọ̀ mí ní Bouaké, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, torí ẹnu náà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ahougnansou, àdúgbò kan ní Bouaké ní ilẹ̀ Ivory Coast, ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Faransé, Dioula ọjà yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, Baoulé náà kò sì ṣòro fún mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní atelier kan lẹ́yìn Grand Marché, ọjà ńlá ìlú wa, níbi tí a ti ń rán aṣọ ilé ìwé: kaki fún àwọn ọmọkùnrin, búlúù àti funfun fún àwọn ọmọbìnrin.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ọkùnrin tó ni atelier náà kú. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, Màmá Àtọ́kẹ́, tí kò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ló wá jókòó ti iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Màmá kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Dioula. Bí wọ́n bá kí i ní "bonjour," "ẹ kú àárọ̀" ló fi ń dá wọn lóhùn. Ó wò wá yíká, ó ní èmi ni ọmọ ilé òun níbẹ̀. Bí mo ṣe di responsable nìyẹn, olórí òṣìṣẹ́ mẹ́fà.

Gbogbo ohun tí Màmá bá fẹ́ bá wọn sọ, ẹnu mi ló ń gbà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ bá Màmá sọ, ẹnu mi náà ni.

Germaine ló ń gé aṣọ fún wa. Baoulé ni, láti Béoumi, kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ ní Bouaké. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í fi aṣọ ṣòfò, kì í sì í pariwo. Ẹ rí i pé mi ò ní ohun burúkú kan láti sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ. Faransé ní "vous" fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ó ní "tu" fún ẹgbẹ́ ẹni. "Tu" ni Germaine ń pè mí. Ó tún ń pe orúkọ mi gbàgàdà, kò fi "Tantie," ìyẹn àǹtí, ṣáájú rẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe.

"Sakeenah, tu as mangé?"

"Sakeenah, tu viens?"

Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni, tàbí bóyá mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n létí tèmi, "ìwọ" ló ń pè mí. Ọmọ tó yẹ kó máa pè mí ní "ẹ̀yin," tó yẹ kó máa kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń fi mí ṣe ẹgbẹ́, èmi tí mo jẹ́ olórí rẹ̀. Mo lè pè é sí kọ̀rọ̀ kí n sọ fún un pé kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìṣẹ́jú kan ni ìbá gbà. Mi ò sọ ọ́. Mò ń kó o jọ sínú.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn wa nítorí ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí Germaine lọ bá wọn rán bọ́tìnnì, èmi ni mo máa gé aṣọ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé olórí mọ iṣẹ́. Mo to kaki léra, mo gbàgbé láti yí ojú aṣọ padà, mo sì fi sísọ́ọ̀sì sí i.

Ẹni tó bá ń ránṣọ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ogójì apá aṣọ ni mo gé, gbogbo wọn apá òsì.

Germaine ló rí i. Ó mú méjì níbẹ̀, ó gbé wọn lé èjìká Ramatou tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì yíjú sí mi.

"Sakeenah, tu t'es trompée. Regarde, c'est deux bras gauches."

Pé mo ti ṣe àṣìṣe, kí n wò ó, apá òsì méjì ni. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n Ramatou bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kan tó wá gba aṣọ ilé ìwé wọn náà rẹ́rìn-ín.

Màmá Àtọ́kẹ́ gbé orí sókè lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló wí, Sakeenah? Kí ni wọ́n ń rín?"

Mo wo Germaine, mo wo Màmá. Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ní kaki tí Bàbá rà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú kò dára, Màmá. Ó ní àkísà ni. Ìyẹn ni wọ́n ń rín."

Màmá fi ọwọ́ pa ìbòrí rẹ̀, ó sì kọjú síta. Germaine rí i pé ojú Màmá yí padà, ó bi mí ní ohun tó fà á. Mo ní, "Ó ní kí o gbájú mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ."

Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo jẹun yó, mo sùn dáadáa.

Àárọ̀ Àlàmísì ni Màmá máa ń jókòó pẹ̀lú gbogbo wa láti gbọ́ ẹjọ́ olúkúlùkù. Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, Germaine ní òun fẹ́ kí wọ́n sún tábìlì tí òun fi ń gé aṣọ sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, torí ibi tí òun wà ṣókùnkùn, kí wọ́n sì bá Ramatou tún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe.

Mo yíjú sí Màmá. "Ó ní ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ni òun fẹ́ gbé tábìlì òun sí. Ó ní ẹ ò kúkú ṣe nǹkan kan níbẹ̀."

Màmá mí kanlẹ̀. Ẹ wo irú èèyàn tó jẹ́, ohun tó sọ ni pé, "Bóyá òótọ́ ló sọ. Sọ fún un pé mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára iṣẹ́, ó ń tù mí lára. Ìgbà tí mo bá rí bó ṣe ń ká aṣọ, ọkàn mi máa ń balẹ̀ pé ilé ọkọ mi ò ní bàjẹ́. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Mo sọ fún Germaine ní Faransé pé: "Màmá ní iná tó wà níbẹ̀ tó ọ. Tí ojú rẹ bá ń dùn ọ́, ọ̀nà Béoumi ṣì wà níbẹ̀."

Germaine wo Màmá. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, torí ó rò pé ìyìn ni mo fún un. Ìgbà tí èèyàn bá ń bú ọ tó tún ń rẹ́rìn-ín sí ọ, kí lo máa rò? Germaine rọra jókòó. Mo rí i pé ọfà mi ti wọlé.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é láti Àlàmísì dé Àlàmísì. Mò ń bù díẹ̀ kúrò níbí, mò ń fi díẹ̀ kún tọ̀hún. Mi ò jẹ́ kó pọ̀ jù. Germaine ò kí Màmá mọ́ bó ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Màmá náà ò pè é wá jẹ àkàrà mọ́ láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pín sí méjì, àwọn kan lẹ́yìn Germaine, àwọn kan lẹ́yìn mi, wọn ò yá ara wọn ní òwú mọ́.

Ramatou tọ̀ mí wá. "Tantie Sakeenah," ó sọ ọ́ ní Dioula, "ẹ̀yin lolórí wa. Ẹ pe Germaine àti la vieille, ìyá àgbà yìí, kí ẹ parí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ti ń bàjẹ́."

Mo ní, "Ìwọ lọ wa ẹ̀rọ rẹ."

Lọ́dún tó kọjá, Germaine sin ọmọ kan, ọmọbìnrin ọdún méjì. Màmá ò mọ̀. Ramatou ló fi àmì ọwọ́ ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ wọn gíga ọmọ náà nílẹ̀, ó sì tọ́ka sí Germaine. Ní Àlàmísì, Màmá pè wá súnmọ́, èmi àti Germaine. Omi wà lójú rẹ̀.

"Sakeenah, rọra bá mi túmọ̀ rẹ̀. Sọ fún un pé èmi náà sin ọmọ rí. Rábì lorúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti lọ, mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Sọ fún un kó má dá nìkan máa sunkún. Ọjọ́ tó bá wúwo, kó wá jókòó tì mí níbí, a ò ní sọ̀rọ̀, a óò kàn jókòó. Gbogbo èyí tó ti ń wí sí mi, mo ti gbàgbé rẹ̀."

Germaine ń wo ẹnu mi. Àánú ṣe mí. Ẹ gbà mí gbọ́, àánú ṣe mí. Ẹnu mi ti yà láti sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Germaine ò lè mú sùúrù, ó ní, "Sakeenah, tu dis quoi? Qu'est-ce qu'elle dit?"

Kí ni mò ń sọ, kí ni Màmá wí. "Tu" yẹn náà ni.

Mo ní, "Ó ní ẹkún òkú ọmọ, ilé ni wọ́n ti ń sun ún. Kí o má gbé e wá síbi iṣẹ́ òun mọ́."

Germaine dìde, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Màmá bi mí pé, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní òun ò bẹ̀ yín ní àánú."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí Màmá fi ní kí n bi í bóyá ó ṣì fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́. Mo sọ fún Germaine pé Màmá ní kó máa lọ. Ó bi mí ní ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé, "Ó ní òun ti rí ibi tó dára ju ibí lọ." Germaine fi àkísà wé sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó dágbére fún Ramatou, ó sì jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó títí ó fi yà sójú títì. Mo ní nínú ara mi pé kí ó lọ máa pe àwọn ẹja inú odò Béoumi ní "tu."

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ayọ̀ mi fi tọ́jọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Màmá ránṣẹ́ pè mí sílé rẹ̀ ní Ahougnansou. Mo débẹ̀, mo bá Germaine lórí ẹní. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì í, ó da aṣọ kita ńlá bora, ó fi èjìká kan síta bí àwọn àgbà Baoulé ṣe ń ṣe. Ẹja gbígbẹ wà nínú agbọ̀n níwájú wọn.

"Wọ́n ti wà níbí láti ìgbà díẹ̀," Màmá wí. "Mo kí bàbá náà, ó kàn tẹrí ba ni. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá wá."

Germaine sọ fún mi ní Faransé pé ọkọ àǹtí òun ni, Vieux Moïse, tó ń ta ẹja ní Béoumi, pé bàbá náà ló máa gbẹnu sọ fún òun. Àṣà wọn ni. Àlejò kì í kàn da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á fún un lómi ná, wọ́n á wá béèrè ìròyìn, ẹni tó bá sì bá a wá ni yóò rò ó. Mo gbé omi fún wọn. Bàbá náà mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó ní Baoulé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní ọmọ àwọn kò mọ ohun tó ṣe. Ó ní ó wá tọrọ àforíjì fún èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Ó ní bí ìyá yìí bá lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà fún un, ọmọ náà yóò kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹja díẹ̀ nìyí, àwọn fi ń kí ìyá náà kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ tó lọ.

Mo rí i pé bí mo bá túmọ̀ èyí bó ṣe jẹ́, Germaine máa padà. Tó bá padà, wọ́n máa tú ọ̀rọ̀ wò.

"Màmá," mo ní, "bàbá yìí ní ọmọ àwọn ò ṣẹ̀ yín. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́. Ó ní Anago, ìyẹn Yorùbá, ni yín, ilẹ̀ àwọn lẹ wà, kí ẹ mọ ìwọ̀n ara yín."

Màmá wo agbọ̀n ẹja náà, ó wo mí. "Ẹni tó gbé ẹja wá fún mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn."

Bàbá náà gbé ife omi sílẹ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ gbé sí èjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó wí, "n ò wí bẹ́ẹ̀."

Yorùbá ni. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ gidi, bí ti bàbá tó bí mi.

"Oyèníyì ni bàbá mi sọ mí kí n tó gba ìrìbọmi," ó ń bá a lọ. "Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Baoulé nìyá mi, Béoumi ni wọ́n bí mi sí. Ẹ forí jì mí pé n ò dá yín lóhùn nígbà tí ẹ kí mi. Ọmọ yìí sunkún dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní ìyá Anago kan sọ fún òun pé kí òun má sunkún ọmọ òun níbi iṣẹ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ní àwọn èèyàn bàbá mi kì í bá abiyamọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní jẹ́ ká lọ, n ó kàn jókòó bí odi, ká gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nínú ilé yín."

Màmá ò wò mí. Ó ní, "Sakeenah, kí ni mo ní kí o sọ fún un lọ́jọ́ tí mo sọ ti Rábì?"

Mo tẹjú mọ́ agbọ̀n ẹja náà.

Bàbá náà yíjú sí mi. "Kí lọmọ yìí fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá ohun ńlá kan láti sọ. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó ń pè mí ní 'tu.'"

Bàbá náà túmọ̀ rẹ̀ fún Germaine. Germaine kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa, ó ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, bàbá sì yí i sí Yorùbá fún Màmá: "Ó ní ẹ̀gbọ́n lòun mú un. Ó ní òun ò ní ẹlòmíràn ní Bouaké. Ẹni téèyàn bá fẹ́ràn ni wọ́n ń pè ní 'tu' lọ́dọ̀ wọn."

Màmá sunkún nígbà náà. Ó ní kí n kó ẹrù mi ní atelier lọ́la.

Germaine béèrè ohun tó wí, wọ́n sọ fún un. Ó mi orí. Ó wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ, mo sì mọ ojú náà, torí òun ni mo ti ń gbé kiri láti oṣù kẹjọ. Ó ní kí wọ́n má lé mi. Ó ní kí n wà níbẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: gbogbo ohun tí Màmá wí fún òun láti oṣù kẹjọ wá, tí òun ò gbọ́, kí n wá sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ní Àlàmísì, wọ́n fi mí síwájú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá Oyèníyì jókòó ti Màmá kí n má bàa bù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, Màmá ní ọwọ́ rẹ ń tu òun lára. Mo ní, Màmá ní ilé ọkọ òun ò ní bàjẹ́ tí o bá wà níbẹ̀. Mò ń fi ẹnu ara mi yin ẹni tí mo kórìíra, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, Ramatou sì ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Kì í ṣe ìrònúpìwàdà ló kọ́kọ́ wá bá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìbínú ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ Bouaké la, kó gbé gbogbo wọn mì.

Títí mo fi dé orí Rábì. Ìyẹn ni mo rọra sọ. Mo ní, "Màmá ní kí o má dá nìkan sunkún. Ó ní ọjọ́ tó bá wúwo, kí o wá jókòó ti òun."

Germaine dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga Màmá. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n túmọ̀ ohunkóhun.

Germaine ni responsable wa báyìí. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá. Tí òṣìṣẹ́ méjì bá ń jà, ó máa pe àwọn méjèèjì jókòó, yóò ní kí olúkúlùkù tún ohun tí ẹnì kejì sọ sọ, kó tó dá sí i. Èmi tí mo gbọ́ èdè mẹ́rin, mi ò ṣe ìyẹn rí lọ́jọ́ kan.

Mo ṣì ń gbẹnu sọ fún Màmá. Germaine ló ní kí n máa ṣe é lọ. Kò bú mi rí. Kò pe orúkọ mi gbàgàdà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ pọ̀, ó ní kí n bá òun gé kaki díẹ̀. Mo tún to aṣọ náà léra láìyí ojú rẹ̀ padà. Ó rí i. Kò pe Ramatou, kò gbé e sókè kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ létí, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo fi ìgbà kan wá lójú méjèèjì.

"Madame Sakeenah, vous vous êtes trompée."

Ó yí padà, ó lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Màmá rí wa láti orí àga rẹ̀. "Kí ló wí, Sakeenah?"

Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ó ní mo ti ṣe àṣìṣe, Màmá," mo wí. "Apá òsì méjì ni mo gé."